Dókítà Abímbọ́lá Awólíyì: Láti Dublin dé Massey Street

Bóyá iṣẹ́ dókítà tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni o fẹ́ ṣe lọ́la. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìtàn yìí kàn ọ́ gan-an. Ìtàn obìnrin kan ni, tí ó kúrò ní Èkó lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Dublin, ní orílẹ̀-èdè Ireland.

Ọdún 1910 ni wọ́n bí Elizabeth Abímbọ́lá Akérele ní Èkó. Wo orúkọ ìdílé rẹ̀ dáadáa: Akérele ni ẹni tí ó kéré ṣùgbọ́n tí ó le. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Queen's College. Nígbà náà, kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Ọdún 1948 ni ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, Abímbọ́lá sọdá òkun.

Ní Dublin, ó tẹpá mọ́ṣẹ́. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì ta yọ nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1938. Nígbà tí ó padà sí Èkó, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà.

Ilé-ìwòsàn Massey Street ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ipò kékeré. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1960, ó di ọ̀gá àgbà níbẹ̀. Kíyè sí i: láti 1938 dé 1960, ọdún 22 ni. Ọjọ́ kan ni ènìyàn ń gba ìwé-ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kí aláìsàn tó fọkàn tán dókítà, ó máa ń pẹ́.

Ní Èkó, wọ́n fi í joyè Ìyá Àbíyè. Nínú "àbíyè", o rí "bí", o sì rí "yè": kí aboyún bí, kí ìyá àti ọmọ yè. Dublin fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Èkó ni ó fún un ní orúkọ.

Ṣùgbọ́n má rò pé wọ́ọ̀dù nìkan ni ayé rẹ̀. Ó fẹ́ Dókítà Awólíyì, wọ́n sì bí ọmọ méjì. Ó ní oko ọsàn àti adìẹ. Láti ọdún 1964 títí ó fi kú ní ọdún 1971, òun ni ààrẹ àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní Nàìjíríà.

Iṣẹ́ ìlera wúwo. Ó ń gba oorun lójú ẹni, ó sì ń kó ìbànújẹ́ bá ọkàn. Ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn ju wọ́ọ̀dù lọ, ní ọjọ́ tí aláìsàn rẹ̀ bá kú, kí ni yóò fi ẹ̀yìn tì? Nítorí náà, bí o ti ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹlòmíràn, kọ́ bí wàá ṣe máa tọ́jú ara rẹ. Jẹun lásìkò. Sùn. Má gbàgbé ẹbí àti ọ̀rẹ́. Àwọn àgbà ní bí ẹnìkan bá ní òun yóò dá aṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ wò.

Nísinsìnyí, ronú: lẹ́yìn ọdún 22 lẹ́nu iṣẹ́, orúkọ wo ni o fẹ́ kí àwọn aláìsàn fún ọ?