Alfred Wegener àti Ilẹ̀ Abẹ́ Yìnyín

Ní ìlú Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, ni a gbé bí Alfred Wegener ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1880. Ìmọ̀ nípa ìràwọ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ olótùútù ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ní ọdún 1912 ó kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ti Gúúsù jẹ́ ọ̀kan rí, kí wọ́n tó pínyà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kú tán kí ayé tó gbà pé òótọ́ ni.

Erékùṣù ńlá kan wà ní ìhà àríwá ayé tí à ń pè ní Greenland. Yìnyín bo inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti rí. Ní ọdún 1929 àti 1930 Wegener kó àwọn ọ̀mọ̀wé lọ síbẹ̀ láti wọn jíjìn yìnyín náà. Wọn a yin ẹ̀tù lórí rẹ̀. Ìró rẹ̀ a sọ̀kalẹ̀ lọ kan àpáta, a sì padà wá sókè, bí igbe ẹni tí ó dúró ní ẹsẹ̀ òkè ti í padà sí i létí. Bí ìró náà bá ṣe pẹ́ tó kí ẹ̀rọ tó gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni yìnyín náà ṣe jìn tó.

Méjì nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn yìnyín, ní nǹkan bí máìlì 250 sí etí òkun, ọ̀nà tí ó jìn ju Ògbómọ̀ṣọ́ sí Èkó lọ. Ẹrù wọn kò tó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1930, Wegener dìde láti gbé oúnjẹ lọ fún wọn, pẹ̀lú ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Loewe àti ọmọ ilẹ̀ Greenland 13, nínú ọkọ̀ tí ajá ń fà. Òtútù náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ọyẹ́ ilẹ̀ wa kò tó ohun tí a lè fi wé e. Àwọn 12 padà lọ́nà. Rasmus Villumsen nìkan ni kò padà. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, òtútù ti ba ẹsẹ̀ Loewe jẹ́, oúnjẹ kò sì lè tó ènìyàn márùn-ún. Ní ọjọ́ tí Wegener pé ẹni àádọ́ta ọdún, òun àti Villumsen gbéra padà. Wọn kò dé ilé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1931 ni a rí òkú Wegener. Villumsen ti dì í dáradára, ó sì ti sin ín sínú yìnyín, ṣùgbọ́n a kò rí òun fúnra rẹ̀ mọ́ títí di òní.

Àwọn tí ó kù kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀tù wọn bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ti bá a parí lẹ́yìn wọn. Nísinsìnyí a mọ̀ pé ilẹ̀ Greenland dà bí àwo kòtò: òkè yí etí rẹ̀ ká, ìwọ̀n yìnyín sì ti tẹ àárín rẹ̀ wọlẹ̀. Ní ibòmíràn yìnyín náà jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 10,000 lọ. Lóòótọ́, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tí ó bá dárúkọ Wegener nínú iṣẹ́ yìí, kí ó má ṣe gbàgbé Villumsen.