Kobina Sekyi: Òǹkọ̀wé Tí Ó Fi Ẹ̀rín Bá Àwọn Ọ̀làjú Ìgbà Rẹ̀ Wí

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń gbé etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yí òwe yìí po. Lójú tiwọn, Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ wálé. Ní Èkó, láàrin àwọn Sàró àti àwọn ọmọ wọn, orúkọ Òyìnbó, kóòtù dúdú nínú oòrùn ọ̀sán, ìgbéyàwó inú ṣọ́ọ̀ṣì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó já gaara ni ẹ̀rí pé ènìyàn ti di gbajúmọ̀. Ẹni tí kò bá ní wọn, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni yóò dúró sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Èkó náà ni ó rí ní Cape Coast, ìlú àwọn Fante ní Gold Coast, orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Ìlú méjèèjì kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Láti ọdún 1874 títí di ọdún 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pa Èkó pọ̀ mọ́ Gold Coast lábẹ́ àkóso kan ṣoṣo. Àsìkò náà, ní ọdún 1884, ni òfin ìgbéyàwó jáde. Òfin yìí sọ pé ọkùnrin tí ó bá gbé ìyàwó lọ́nà ti Òyìnbó kò gbọdọ̀ fi ìyàwó mìíràn kún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ní ìlànà ìbílẹ̀. Ó tún yí bí a ṣe ń pín ogún padà. Láti ìgbà náà ni ìgbéyàwó ti di òṣùwọ̀n tí àwọn gbajúmọ̀ fi ń wọn ara wọn ní ìlú méjèèjì.

Àwọn kan kọ̀ láti gba òṣùwọ̀n yìí. Ní Èkó, David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, ju orúkọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1894, ó sì di Mọ́jọlá Agbébí. Aṣọ ìbílẹ̀ ni ó wọ̀ títí dé òkè òkun. Ìwàásù ni Agbébí fi jà. Ní Cape Coast, nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ohun ìjà mìíràn dìde. Ẹ̀rín ni ó fi jà. Kobina Sekyi ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀rín Sekyi mú nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó ń fi ṣe ẹlẹ́yà, àti pé kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí orí ìtàgé nìkan.

Ìbí àti Ìgbà Èwe

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892 ni a bí i ní Cape Coast. William Esuman-Gwira Sekyi ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Bàbá rẹ̀, John Gladstone Sackey, jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Wesley ní ìlú náà. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí orúkọ méjì yìí. Sekyi ni orúkọ ìdílé náà ní èdè Fante. Sackey ni ó dà nígbà tí ó gba ẹnu Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Ọmọ ni ó padà mú orúkọ náà bọ̀ sí ipò rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Willem Essuman Pietersen, oníṣòwò pàtàkì àti ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Aborigines' Rights Protection Society. Ẹgbẹ́ yìí ni àwọn ọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé dá sílẹ̀ ní Cape Coast ní ọdún 1897, kí ìjọba má baà gba ilẹ̀ mọ́ àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́. Láàrin àwọn Fante, ìdílé ìyá ni ọmọ ń bá tan, níbẹ̀ ni ó sì ti ń jogún. Ìdí nìyí tí ilé ìyá Sekyi fi ní ipa púpọ̀ lórí rẹ̀. Ọlá wà nínú ilé náà, ìwé wà níbẹ̀, ìjà fún ẹ̀tọ́ onílẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ilé ẹ̀kọ́ Mfantsipim, tí ìjọ Wesley dá sílẹ̀ ní ọdún 1876, ni ó lọ. Ibẹ̀ ni a ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí a ń retí pé wọn yóò di agbẹjọ́rò, àlùfáà àti olùkọ́. Bí ó ti ń dàgbà, Sekyi gbà bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbà, pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orísun ohun gbogbo tí ó dára. Kò sí ohun tí ó mú un yàtọ̀ nígbà náà sí àwọn tí ó wá fi kọ eré lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Lọ́ńdọ̀nù àti Ìṣípayá

Ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ìwé lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ fẹ́ kà, ṣùgbọ́n fìlọ́sọ́fì ni ó padà kà. Ẹ̀kọ́ yìí kọ́ ọ láti máa bi ohun gbogbo ní ìdí. Nígbà tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bi ìlú tí ó wà ní ìdí, ìdáhùn tí ó rí kò bá ohun tí wọ́n sọ fún un nílé mu. Ó rí òṣì níbi tí wọ́n ní ọrọ̀ wà. Ó rí i pé bí ó ti wù kí ó sọ Gẹ̀ẹ́sì tó, kí kọ́là rẹ̀ sì funfun tó, àlejò ni àwọn onílé ń pè é, àlejò tí wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ bọ̀wọ̀ fún. Ẹni tí ó fi ti ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí kí a lè gbà á sí ilé ẹlòmíràn wá bá ara rẹ̀ ní ìta ilé méjèèjì.

Ọdún 1915 ni ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ti ilẹ̀ Jámánì kan yìnbọn lu ọkọ̀ Falaba, ọkọ̀ èrò tí ó máa ń ná ọ̀nà Liverpool sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú. Sekyi wà nínú ọkọ̀ náà. Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ pé ó lúwẹ̀ẹ́ dé ibi ọkọ̀ kékeré kan tí a fi ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n Òyìnbó kan pariwo mọ́ ọn pé kí ó jáde, nítorí pé aláwọ̀ dúdú kò ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun ń kú sómi. Orí ni ó yọ ọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú omi yìí ju ìwọ̀sí kan lásán lọ. Níbẹ̀, kò sí kọ́là, kò sí ìwé ẹ̀rí, kò sí orúkọ ìrìbọmi tí ó lè gba ènìyàn sílẹ̀. Bí ọ̀làjú tí a rà ní owó iyebíye kò bá lè gba ènìyàn láàyè nínú ọkọ̀ kékeré ní ọjọ́ ikú, a jẹ́ pé ẹni tí ó rà á ti jìyà.

Eré Apanilẹ́rìn-ín

Ènìyàn ìbá rò pé ìwé ìbínú ni irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ yóò kọ. Eré apanilẹ́rìn-ín ni ó kọ, ní àkókò kan náà, ní nǹkan bí ọdún 1915. The Blinkards ni ó pe àkọlé rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn tí ń ṣẹ́jú pàkòpàkò, tí ojú wọn là ṣùgbọ́n tí wọn kò ríran dáadáa.

Ìyá kan tí ó ti dé òkè òkun ni ó wà láàrin eré náà. Mrs Brofusem ni orúkọ rẹ̀, orúkọ tí ó fara jọ ohun tí àwọn Fante ń pe ọ̀ràn Òyìnbó. Ohunkóhun tí ó bá ti rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin fún un, ì báà bá afẹ́fẹ́ Cape Coast mu, ì báà má bá a mu. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kí ilé lè tòrò, ó ń tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni Mr Tsiba, àgbẹ̀ kòkó tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún, fa ọmọbìnrin rẹ̀ lé ìyá yìí lọ́wọ́ kí ó bá òun sọ ọ́ di obìnrin gbajúmọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Okadu, tí òun náà ń ṣe bí Òyìnbó, pàdé ọmọ náà níbi àpèjẹ, wọ́n sì ṣe àdéhùn ìgbéyàwó lójú ẹsẹ̀ láìsọ fún bàbá tàbí ìyá. Mrs Brofusem bá wọn yọ̀, nítorí bí wọ́n ti ń ṣe é lókè òkun nìyẹn.

Ibẹ̀ ni bàbá olówó ti rí i pé aṣọ tí òun fi owó òun rán fún ọmọ òun kò ní àyè fún òun nínú. Ó fẹ́ kí ọmọ di Òyìnbó, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé Òyìnbó ọmọ kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá kí ó tó yan ọkọ. Ìyá àgbà ọmọ náà, tí kò ka ìwé kan, ni ó dìde láti sọ pé ìgbéyàwó tí ìdílé kò mọ̀ sí kì í ṣe ìgbéyàwó. Agbẹjọ́rò Onyimdzi, tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ìmọ̀, ni ó wà ní ìhà ọ̀dọ̀ àṣà. Ó kàwé ní òkè òkun, síbẹ̀ kò ti ojú rẹ̀ láti jẹ́ Fante.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú eré yìí kì í ṣe tuntun sí ọmọ Yorùbá. Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀fẹ̀ inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ pé a lè fi orin bá ọ̀ṣìkà àti agbéraga wí lójú agbo, kí gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì gbọ́. Sekyi kò kọ ẹ̀kọ́ ìwé. Ohun tí ó kọ̀ ni àfarawé tí kò ní ìdí. Ó sì jẹ́ kí èdè kópa nínú ọ̀rọ̀ náà: Fante àti Gẹ̀ẹ́sì jọ wà nínú eré náà ni. Àwọn tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò gún ṣe fọ́rífọ́rí di ẹni ẹ̀rín, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìdílé, Fante ni òtítọ́ ń gbà jáde.

Nígbà Tí Ẹ̀rín Dópin

Ní ọdún 1918, ìwé ìròyìn West Africa ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìtàn rẹ̀ mìíràn jáde ní ìpín-ìpín. The Anglo-Fanti ni àkọlé rẹ̀. Orúkọ méjì ni ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìtàn náà ń jẹ́: Kwesi Onyidzin nílé, Edward Cudjoe ní ilé ìwé. Ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú rẹ̀ là bí ti Sekyi, ó sì fẹ́ padà sí ìgbé ayé ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé rẹ̀ ni kò gbà. Wọ́n ti náwó kí ó lè di Òyìnbó dúdú, Òyìnbó dúdú ni wọ́n sì ń retí. Ìtàn náà kò parí sí ayọ̀.

Tí a bá gbé iṣẹ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé ọ̀ràn kan náà ni wọ́n ń sọ. Nínú eré, òmùgọ̀ ni agbéraga, a sì lè fi í rẹ́rìn-ín. Nínú ìtàn, a rí iye tí ìgbéraga náà ń ná ẹni tí ó fẹ́ bọ́ nínú rẹ̀. Kì í ṣe Òyìnbó nìkan ni ó ń ti ilẹ̀kùn; àwọn tiwa náà ń bá a dì í mú.

Agbẹjọ́rò àti Olóṣèlú

Ní ọdún 1918 kan náà ni ó di agbẹjọ́rò ní Inner Temple ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà sí Cape Coast, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. A kà á mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba amúnisìn. Ohun tí ó fi Onyimdzi sọ lórí ìwé ni ó wá fi ara rẹ̀ ṣe lójú ayé.

Ó wà nínú ẹgbẹ́ National Congress of British West Africa, tí ó kọ́kọ́ péjọ ní Accra ní oṣù kẹta ọdún 1920, níbi tí àwọn aṣojú láti Nàìjíríà, Sierra Leone àti Gambia ti bá ti Gold Coast pàdé. Lẹ́yìn náà, ó di òpómúléró ẹgbẹ́ tí bàbá ìyá rẹ̀ ti ṣe aṣáájú nínú rẹ̀, òun ni ó sì jẹ ààrẹ rẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí òfin ìṣàkóso ìbílẹ̀ ti ọdún 1927 jáde, ó takò ó, nítorí ó rí i pé òfin náà sọ ọba di ìránṣẹ́ ìjọba dípò kí ó jẹ́ ti àwọn ènìyàn tí ó fi í jẹ. Èyí dá ìyapa sílẹ̀ láàrin òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbà láti bá ìjọba ṣiṣẹ́.

A kò gbọdọ̀ fi àbùkù kan pamọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni Sekyi fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi ń jẹun. Ẹni tí ó ń lé Òyìnbó jáde nínú ilé kò lè lé e kúrò lórí ahọ́n tán. Àmọ́ èyí gan-an ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, nítorí pé kò sọ ara rẹ̀ di mímọ́ kí ó tó bá ẹlòmíràn wí.

Àgbálọgbábọ̀

Kobina Sekyi kú ní ọdún 1956. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1957 ni Gold Coast gba òmìnira, tí ó sì di Gánà. Ojú rẹ̀ kò tó o. Ọdún 1974 ni a tó tẹ The Blinkards jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún tí ó ti kú.

Àwọn kóòtù dúdú ọjọ́ wọ̀nyẹn ti gbó, ṣùgbọ́n Mrs Brofusem kò tíì kú. Ilé kò ṣọ̀wọ́n ní Èkó, láti Ṣómólú dé Bàrígà títí dé Erékùṣù, tí òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń fi ìwọ̀nba tí ó gbọ́ tọ́ ọmọ, nítorí kí ọmọ lè bá ẹgbẹ́ pé. Ọmọ náà yóò bá ẹgbẹ́ pé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìyá àgbà bá ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ, ògbufọ̀ ni wọn yóò wá. Mr Tsiba náà ti rí irú rẹ̀. Ó fi owó kòkó ra ọ̀làjú fún ọmọ rẹ̀, ó sì di àlejò nínú ọ̀ràn ìgbéyàwó ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí.