Àmì Ara Kì í Ṣe Àmì Ẹ̀gàn: Ìtàn Uwais al-Qarani

Obìnrin aláṣọ kan nínú ìjọ wa ló fa ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí. Àwọ̀ ojú rẹ̀ ń di funfun ní abala-abala, ó ti dé ètè, ó ti dé ìpéǹpéjú. Dókítà ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kò sì lè ran ẹlòmíràn. Síbẹ̀ àwọn oníbàárà kò fẹ́ gba ṣéńjì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, kò wá sí wáàsí mọ́. Nígbà tí mo lọ kí i, ó bi mí bóyá Ọlọ́run ń bínú sí òun ni. Ìtàn Uwais ni mo fi dá a lóhùn.

Ará Yemen ni Uwais ọmọ Amir, láti inú ìran Murad, ní agbo ilé Qaran. Ó wà láyé ní ìgbà Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a), ṣùgbọ́n wọn kò fojú kan ara wọn. Àwọn àgbà àlùfáà kọ́ wa pé ìtọ́jú ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó lè lọ sí Medina. Àrùn kan tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní baras, tí í máa sọ àwọ̀ ara di funfun, bá a jà. Ó ké pe Ọlọ́run, Ọlọ́run sì mú un kúrò, àfi ojú kan tí kò ju owó dirham kan lọ.

Nígbà tí Sàyídínà Umar wà lórí oyè, láàárín ọdún 634 sí 644, gbogbo ìgbà tí àwọn jagunjagun bá ti Yemen dé ni ó ń béèrè bóyá Uwais wà láàárín wọn. Ní ọjọ́ tí ó rí i, ó bi í léèrè ìran rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, ó sì bi í léèrè àmì tí ó kù lára rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: àmì tí ẹlòmíràn ì bá fi aṣọ bò wà lára ohun tí Ànábì fi júwe rẹ̀ fún Umar. Olórí gbogbo Mùsùlùmí wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tọrọ àforíjìn Ọlọ́run fún òun.

Umar fẹ́ kọ ìwé sí gómìnà Kufa nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n Uwais kọ̀, ó ní àárín àwọn mẹ̀kúnnù tẹ́ òun lọ́rùn. Ní Kufa, wọ́n ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Usair ọmọ Jabir fún un ní aṣọ kan, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì rí i lọ́rùn rẹ̀ a máa béèrè ibi tí irú Uwais ti rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá mọ ẹni tí í ṣe, ó fi ìlú sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ òpìtàn sọ pé ogun Siffin ni ó kú sí ní ọdún 657, lẹ́yìn Sàyídínà Ali.

Mo sọ fún obìnrin náà pé Uwais tọrọ ìwòsàn, nítorí náà wíwá ìtọ́jú kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Kí ó máa lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó sì sá fún ìpara ìbóra tí wọ́n ń tà káàkiri, nítorí òmíràn ní mẹ́kúrì nínú, mẹ́kúrì a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Mo tún sọ fún un pé Uwais kò jókòó máa ka àmì ara rẹ̀. Ó ní ìyá tí ó ń tọ́jú, ó ní Ọba tí ó ń sìn, kò sì fi ẹnu ayé díwọ̀n ara rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, ó ní ó ṣì ń dun òun. Mo ní kò burú kí ó dùn ún.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ṣí ìsọ̀ rẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀yin oníbàárà. Ẹni tí ẹ ń fà sẹ́yìn fún nínú ọjà lè jẹ́ ẹni tí Umar ì bá bẹ̀ fún àdúà. Bí ó bá na ṣéńjì sí yín, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀ kí i.

Kí Ọlọ́run fún gbogbo aláìsàn ní àlàáfíà. Àmín.