Dókítà Cicely Williams: Ẹni Tó Béèrè Lọ́wọ́ Àwọn Ìyá

Ẹni tí a mú ìtàn rẹ̀ wá lóṣù yìí kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó fi sílẹ̀ wúlò fún gbogbo ilé tí ọmọ wà.

Ọdún 1893 ni wọ́n bí Cicely Williams ní erékùṣù Jàmáíkà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ló wọ Yunifásítì Oxford láti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, nígbà tí obìnrin kò wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1929, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán an lọ sí Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí.

Ní Accra, ó rí àwọn ọmọ tó ti pé ọdún kan sí mẹ́rin, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó. Púpọ̀ nínú wọn ń kú. Àwọn dókítà mìíràn ní àìsàn tí àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Òun ní tirẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìlú náà ohun tí wọ́n ń pè é. Kwashiorkor ni, lédè Gã: àìsàn tó ń mú ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ dé. Àwọn ìyá ti mọ ìdí rẹ̀ ṣáájú dókítà. Ọmọ tó pàdánù ọmú, tó wá ń jẹ kìkì oúnjẹ àgbàdo, kò rí púrótéènì tó ń mú ara dàgbà. Lọ́dún 1933 ó kọ̀wé lórí àìsàn náà. Lọ́dún 1935 ó fi orúkọ Gã yẹn hàn fún gbogbo ayé nínú ìwé àwọn dókítà tó ń jẹ́ Lancet. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé àìtó púrótéènì nìkan kọ́ ló ń fà á.

Lọ́dún 1936 wọ́n gbé e lọ sí Malaya. Lọ́dún 1939, ní Singapore, ó dìde lòdì sí àwọn tó ń polówó mílíìkì inú agolo tó kún fún ṣúgà fún ọmọ ọwọ́. Nígbà ogun, àwọn ará Japan fi í sẹ́wọ̀n ní Changi. Ebi wà níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sẹ́wọ̀n náà mu ọmú ìyá wọn, wọ́n sì yè. Lọ́dún 1948, òun ni olórí àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka ìlera ìyá àti ọmọ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú lọ́dún 1992, lẹ́ni ọdún 98.

Kí ni èyí kàn wá ní Ìwó? Àìsàn yìí kò jìnnà sí wa. Ní Imẹ̀sí-Ilé, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà lo káàdì ìwọ̀n ọmọ láti tètè mọ ọmọ tí kò dàgbà bó ṣe yẹ.

Ọmọ tuntun, ọmú nìkan ló tó o títí oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ògì lásán kò tó: ẹ po ẹ̀wà, ẹja tàbí sóyà mọ́ ọn, kí ọmú sì máa bá a lọ. Suratul Baqarah, áyà 233, sọ̀rọ̀ ọdún méjì gbáko fún ẹni tó bá fẹ́ kí ìfọ́mọlọ́mú pé. Áyà kan náà ló gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá lé bàbá lọ́rùn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́!

Ọmọbìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù àti aboyún nílò ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹran, nítorí ẹ̀jẹ̀. Àgbàlagbà kì í jẹ púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀kọ lásán tì í: ẹyin tàbí ẹja ṣì yẹ ẹ́.

Ẹ̀wà àti sóyà wà lọ́jà Odò-Orí. Ẹ jẹ́ kí a bojú wo ọmọ tí àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nílé wa. Kí Ọlọ́hun dá wọn sí fún wa. Àmín.