Stokes, Ọkùnrin Tó Rí Àdàlù Nínú Ewé

Lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa George Gabriel Stokes. Àwọn ọmọ wa tó ń ka sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì mọ orúkọ yìí nínú ìwé ìṣirò, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló mọ irú ẹni tó jẹ́.

Abúlé Skreen, ní Sligo lórílẹ̀-èdè Ireland, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1819. Àlùfáà ìjọ ni bàbá rẹ̀, òun sì ni àbíkẹ́yìn. Ní 1835 ó sọdá òkun lọ kàwé ní Bristol, ó wọ Cambridge ní 1837, ó sì gba ipò kìíní nínú ìdánwò ìṣirò ní 1841. Ní 1849 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n lórí àga tí Newton ti jókòó sí rí, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 1903. Owó àga ọ̀hún ò tó gbọ́ bùkátà, ló bá tún ń lọ kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ ìwakùsà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ méjì pọ̀, ọ̀rọ̀ yìí yé wa.

Ní 1852, Stokes mú ìgò omi kíníìnì, oògùn ibà kíkorò tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáadáa. Ó fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè, ó sì ń sún ìgò náà láti orí pupa lọ sí orí àlùkò. Kò sí nǹkan kan. Àfi ìgbà tó dé ìpẹ̀kun àlùkò, tó sì kọjá síbi tí ojú ò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan mọ́, ni omi náà bá tàn ní àwọ̀ búlúù! Ó wá fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tó jáde kì í ṣe irú èyí tó wọlé: ìgbì rẹ̀ gùn jù ú lọ. Òun ló sọ ọ́ ní fluorescence.

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ rò pé nǹkan kan ṣoṣo ló ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀. Stokes lo àwọn omi kẹ́míkà tí kì í dà pọ̀ mọ́ra láti pín oje ewé, ó sì wo ìmọ́lẹ̀ tí apá kọ̀ọ̀kan ń gbé mì àti èyí tó ń tàn jáde. Ní 1864 ó kéde pé nǹkan mẹ́rin ló wà níbẹ̀: aláwọ̀ ewé méjì, aláwọ̀ ìyeyè méjì. Àwọn aláwọ̀ ewé yẹn ń tàn pupa.

Ṣùgbọ́n ìwé kúkúrú ló kọ; àlàyé kíkún kò tẹ̀ lé e. Láti 1854 dé 1885 ló jẹ́ akọ̀wé Royal Society, iṣẹ́ ẹlòmíì ló sì ń tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ló ti ṣàlàyé ìlà dúdú inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Thomson, kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí Kirchhoff ará Jámánì tẹ tirẹ̀ jáde ní 1859, Stokes ò bá a du ògo náà rárá. Ní ti ewé, ó di 1906 kí Tswett tó tún ya àwọn àwọ̀ náà sọ́tọ̀ lọ́nà tí gbogbo ayé lè tẹ̀ lé.

Lónìí, a lè mọ ohun tó wà nínú àdàlù láì tíì yà á nínú ìgò. Bí nǹkan méjì bá ń tàn pọ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn á gun orí ara wọn, bí ìyá ìlù àti omele tó ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Tá a bá mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń tàn nígbà tó dá wà, tí àdàlù náà ò sì ki jù, a á wọn ìmọ́lẹ̀ náà ní oríṣiríṣi àwọ̀, a á kọ ìṣirò kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, a á sì yanjú gbogbo wọn pọ̀, bí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ṣe ń wá x àti y. Kọ̀ǹpútà á wá sọ iye ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àmọ́ ọgbọ́n tí a ò kọ sílẹ̀, ẹni ẹ̀yìn á tún ṣe làálàá kó tó rí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ohun tẹ́ ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ o.