Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, nọ́ọ̀sì ọmọ Èkó

Ní agbègbè wa ní Ekpè, láàárín Kùtọ́nù àti Àjàṣẹ́, gbogbo ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun ní ilé ìwòsàn ni a ń pè ní dókítà. Nọ́ọ̀sì kò fi bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu wa. Ẹni tó ń wẹ aláìsàn, tó ń yí i padà lórí ibùsùn, tó ń ṣọ́ ọ mọ́jú, òun ni a kì í rántí nígbà tí a bá ń dúpẹ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ìtàn obìnrin yìí wà lára àwọn ìtàn tí ẹgbẹ́ wa ń kó jọ. Àwa tí a kàwé ní èdè Faransé kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ Èkó ni, ìlú tí títì tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá já sí.

Ọdún 1915 ni wọ́n bí Kòfowórọlá Àbẹ̀ní ní Èkó. Scott ni orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀, èyí kò sì yẹ kó ya ará Àjàṣẹ́ lẹ́nu, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń jẹ́ orúkọ Pọtogí láti ìran dé ìran. Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ti ìjọ CMS ló lọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Èmi kò rí bàbá náà bá wí. Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, àwọn obìnrin òyìnbó ni ipò tó lọ́lá nínú iṣẹ́ náà wà fún. Èyí tó kù fún aláwọ̀ dúdú kò yàtọ̀ púpọ̀ sí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Bàbá wo ni yóò rán ọmọ tó ti náwó lé lórí lọ síbẹ̀? Kòfowórọlá lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní United Missionary College ní Ìbàdàn, ó sì padà wá kọ́ni ní ilé ìwé CMS yẹn kan náà títí di ọdún 1940.

Lẹ́yìn náà ló fẹ́ Olú Pratt, tí iṣẹ́ òògùn pípò jẹ́ tirẹ̀. Ọkọ yìí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ilé ìwòsàn St Bartholomew's, ìyàwó sì lọ bá a ní 1946. Ó ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ti di ìyá ilé, ó ní iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ì bá ní ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ti tán. Òun wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas', ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n kéré sí i lọ́jọ́ orí.

Ilé ẹ̀kọ́ yìí ni Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860. Ṣáájú ìgbà náà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, àwọn tí kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ni wọ́n sábà máa ń gbé ìtọ́jú aláìsàn lé lọ́wọ́. Nightingale ló fi hàn wọ́n pé afẹ́fẹ́, ìmọ́tótó, oúnjẹ tó bá ara mu àti ojú tó ń ṣàkíyèsí lè mú kí aláìsàn má kú, pé ẹ̀kọ́ ni gbogbo rẹ̀, àti pé ó yẹ kí á dán ẹni tó kọ́ ọ wò kí á tó fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan àwọn àgbà ilé wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ìfẹ́ nìkan tó láti fi tọ́jú arúgbó. Bí bàbá bá rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, a ó wá ọmọdébìnrin kan láti abúlé pé kó máa jókòó tì í. Ọmọ náà lè jẹ́ onínúure, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ rí ẹni yí i ní bíi wákàtí méjì méjì? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹran ìdí àti ti gìgísẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, egbò á jáde, egbò náà á sì lè jìn dé egungun. Ta ló sọ fún un pé bí bàbá náà bá ń mu ẹ̀kọ níbi tó dùbúlẹ̀ gbalaja sí, ẹ̀kọ lè ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró? Ìyá àgbà tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan láti àná, a ó ní ogbó ló dé, nígbà tó jẹ́ pé òùngbẹ ló ń pa á tàbí àrùn inú ìtọ̀ ló ń bá a jà. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ yóò fura. Ẹni tí kò kọ́ ọ kò ní mọ̀, bó ti wù kó fẹ́ràn ìyá tó.

Kòfowórọlá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ètò ìwòsàn gbogbogbòò wọn, NHS, sílẹ̀ ní 1948. Ó parí ní 1950, òun sì ni a máa ń kà sí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbàwé ẹ̀rí tó sì ṣiṣẹ́ nínú ètò náà. Kò rọrùn. Aláìsàn kan kọ̀ pé kó má tọ́jú òun nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ó dúró, ó sì tún kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn lé e.

Ní 1954 ó padà sílé, sí University College Hospital ti Ìbàdàn, tí a ń pè ní UCH. Ilé ńlá ilé ìwòsàn náà kò tíì parí nígbà náà. 1957 ni wọ́n ṣí i. Ipò sister tó ń ṣe olórí wọ́ọ̀dù, àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣì fi í sílẹ̀ fún jù lọ, obìnrin tó gbàwé ẹ̀rí ní Lọ́ńdọ̀nù sì ní láti fi hàn nílé ara rẹ̀ pé òun tó o ṣe. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tó dé, ní 1964, ó di mátírọ́ọ̀nù UCH, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà. Lójú tèmi, èyí ju gbogbo oyè tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Mátírọ́ọ̀nù ni gbogbo nọ́ọ̀sì ń jábọ̀ fún. Bí wọ́ọ̀dù bá dọ̀tí, òun ni wọ́n á bi.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e yára. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 1965, ó sì wà lára àwọn tó jà fún un kó lè di òótọ́. Ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀, ó ṣe igbákejì ààrẹ àjọ àwọn nọ́ọ̀sì lágbàáyé. Ní 1973 wọ́n fi í ṣe kọmíṣọ́nnà ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún yẹn náà ni àjọ Red Cross fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale. Ní 1979 àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Royal College of Nursing wọn, fi oyè dá a lọ́lá. Justus Akínsànyà, nọ́ọ̀sì tó di ọ̀jọ̀gbọ́n, kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀, ó jáde ní 1987, ó sì fi orúkọ Nightingale pè é nínú àkọlé. Mo mọ ohun tí ó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n Kòfowórọlá tó orúkọ.

Ó kú ní 1992. Ní 2012, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan nínú ọgbà UCH níbi tó ti ṣe mátírọ́ọ̀nù, tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Níbẹ̀, iṣẹ́ ni kí á yí arúgbó padà lórí ibùsùn, wọ́n ń gba owó oṣù fún un. Ará Ekpè tó bá fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ dé ibẹ̀ yóò gba Kraké kọjá, yóò gba Àgbádárìgì, yóò wọ Èkó, kó tó kọjú sí Ìbàdàn.