Ed Roth

Edward Roth, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Big Daddy (tí a bí ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1932, tí ó sì kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2001), jẹ́ ayàwòrán ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ hot rod. Hot rod ni ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹni tí ó ni ín tú palẹ̀, tí ó yí ìrísí rẹ̀ padà, tí ó sì gbé ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ sínú rẹ̀. Ohun tí Roth fi yàtọ̀ ni pé kò dúró de bọ́dì tí ilé-iṣẹ́ kankan ti ṣe sílẹ̀. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ó ti ń mọ tirẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Beverly Hills ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ni a ti bí Roth, ṣùgbọ́n ìlú Bell, nítòsí Los Angeles, ni ó gbé dàgbà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ kí ó tó wọ iṣẹ́ ológun òfuurufú ní ọdún 1951. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1955, ó rí iṣẹ́ sí ilé-ìtajà Sears. Ó ní ìyàwó àti ọmọkùnrin márùn-ún láti bọ́. Nítorí náà, bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, a máa fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà ọ̀dà tín-ín-rín sí ara ọkọ̀ àwọn ènìyàn láti fi wá owó kún owó.

Bí ó ṣe ń ṣe ọkọ̀

Ní àkókò náà, bọ́dì irin Ford àtijọ́ ni àwọn tí ń ṣe hot rod sábà máa ń gé, tí wọ́n sì ń jó pọ̀. Iṣẹ́ yìí gba ẹ̀rọ ìjórin àti ọwọ́ panẹbítà tí ó mọṣẹ́ dunjú. Ọ̀nà mìíràn ni Roth gbà. Yóò kọ́kọ́ to ṣásí, yóò sì fi P.O.P. mọ àwòṣe bọ́dì tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, bí ẹni ń mọ ère. Nígbà tí ó bá gbẹ, yóò tẹ́ fiberglass, ìyẹn aṣọ tí a fi fọ́nrán dígí hun, lé e lórí ní ìpele-ìpele, yóò sì fi oje kẹ́míkà rin ín títí yóò fi le gbagidi. Lẹ́yìn èyí ni yóò fọ́ P.O.P. kúrò lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá ni ó ń gba sùúrù jù: dídí ojú ihò, fífi sánpépà ha á léraléra títí yóò fi jọ̀lọ̀, fífọ́n ọ̀dà sí i, àti títo àwọn irin dídán mọ́ ọn. Kò sí èyí tí ó béèrè ẹ̀rọ ńlá nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó ní sùúrù lè ṣe é ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ rẹ̀

Outlaw, tí ó ṣe ní ọdún 1959, fi ìrísí jọ Ford Model T, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Cadillac ni ó gbé. Beatnik Bandit ti ọdún 1961 kò ní sítíárìn rárá. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni awakọ̀ fi ń darí rẹ̀, tí ó fi ń sáré, tí ó sì fi ń dúró. Ike tí ó mọ́ gaara ni òrùlé rẹ̀, ó rí róbótó bí ìfófó ọṣẹ.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó yọrí sí rere. Ẹ́ńjìnnì Ford méjì ni ó kó sínú Mysterion ní ọdún 1963, ìwúwo wọn sì pọ̀ ju ohun tí ṣásí rẹ̀ lè gbà lọ. Nígbẹ̀yìn, wọ́n tú ọkọ̀ náà palẹ̀. Ní ti Orbitron ti ọdún 1964, bọ́dì rẹ̀ bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, àwọn òǹwòran kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọkọ̀ náà pòórá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí i ní Mẹ́síkò ní ọdún 2007.

Owó àti òkìkí

Ẹ̀wù tí Roth ń ya àwòrán iwin sí, tí ó sì ń tà níbi ìpàtẹ ọkọ̀, wà lára ohun tí ó ń mú owó wọlé fún un. Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn àwòrán náà ni Rat Fink, eku aláwọ̀ ewé tí ojú rẹ̀ yọ síta. Ilé-iṣẹ́ Revell náà ṣe àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ní ike kéékèèké tí àwọn ọmọdé ń tò pọ̀ fúnra wọn. Ní ọdún 1968, Beatnik Bandit wà lára ọkọ̀ ìṣeré 16 tí Hot Wheels fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Nígbà tí ọjà hot rod rọlẹ̀, Roth ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní nǹkan bí ọdún 1970. Ó padà sí iṣẹ́ olówó oṣù, ó ń kọ pátákó ìpolówó ní ọgbà ìgbafẹ́ Knott's Berry Farm. Ní ọdún 1974, ó di ọmọ ìjọ Mormon. Ní ọdún 1993, ilé ọnà Laguna ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ti Von Dutch àti Robert Williams, ẹni tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ rí. Ìlú Manti ní ìpínlẹ̀ Utah ni ó kú sí, ní ẹni ọdún 69. Beatnik Bandit ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ní ìlú Reno.